Ìkànnì Tó Jẹ́ Tẹni: Ohun Tó Wà Nídìí Sọ́fítíwíà Búlọ́ọ̀gù àti Gbàgede Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá gba Ajamimogha kọjá nírọ̀lẹ́ ní ìlú Warri lè gbọ́ èdè mẹ́rin kó tó dé ibi tó ń lọ: Ìṣẹ̀kírì, Urhobo, Ìjọ̀ àti Yorùbá, Píjìn sì dà pọ̀ mọ́ gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ sí ni kò dúró. Ìkéde ìpàdé àwọn onílé, ètò ìsìnkú, àríyànjiyàn lórí ìtàn ìdílé, orúkọ ẹja tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́, orí WhatsApp ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹni tó ń wá a yóò fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù títí ọwọ́ yóò fi ro ó. Bí fóònù ẹni tó tọ́jú rẹ̀ bá wá bọ́ sómi, tàbí tí wọ́n yọ olúwarẹ̀ kúrò nínú gúrúùpù, ó tán nìyẹn.

Ó ti lé ní 20 ọdún tí ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò, ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́, àní ẹnì kan ṣoṣo, lè ní ìkànnì tirẹ̀ lórí ayélujára láìsan kọ́bọ̀ lórí sọ́fítíwíà tí yóò fi ṣe é. Ohun tí àwọn tó ń polówó ọ̀rọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé sọ́fítíwíà yẹn nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìtọ́jú rẹ̀ iṣẹ́ ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí kò mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ ló ń pa ìkànnì tì kí ọdún tó yí po.

Ọ̀fẹ́ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ẹni tó ra Microsoft Word, àyè láti lò ó ló rà. Kò lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe. Ní 1983, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Stallman, tí irú nǹkan báyìí ń bí nínú, kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU. Ohun tó ń fẹ́ kò lọ́jú pọ̀: kí ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà lè ka kóòdù rẹ̀, kó lè tún un ṣe, kó sì lè fún ẹlòmíràn. Ní 1989, ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí wọ́n ń pè ní GPL. Gbólóhùn kan nínú ìwé yìí ló mú kí iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀: ẹni tó bá tún sọ́fítíwíà náà ṣe, tó sì ń pín in kiri, gbọ́dọ̀ fún àwọn tó gbà á ní ẹ̀tọ́ kan náà tí wọ́n fún òun.

Abẹ́ ìwé àṣẹ yẹn ni WordPress wà, ìbí rẹ̀ gan-an sì fi ìwúlò ìwé náà hàn. Michel Valdrighi, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ sọ́fítíwíà búlọ́ọ̀gù kan tó ń jẹ́ b2. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà dá dúró, àwọn tó ń lò ó kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní oṣù Kìíní 2003, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Matt Mullenweg, kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ pé ó wu òun láti gba iṣẹ́ náà ṣe. Mike Little, tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lóhùn pé òun ṣe tán láti bá a ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, WordPress àkọ́kọ́ ti jáde. Wọn kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tó wà lára b2 ti fún wọn láṣẹ. Lónìí, nínú 100 ìkànnì tó wà láyé, ó lé ní 40 tó ń lo WordPress.

Ẹni tó bá rò pé ohun àwọn òyìnbó ni, kó ṣí ìkànnì Vanguard, Punch tàbí Premium Times, kó tẹ àwòrán ìròyìn kan mọ́lẹ̀, kó wo àdírẹ́sì àwòrán náà. Yóò rí àwọn lẹ́tà yìí láàárín rẹ̀: wp-content. Orúkọ àpótí tí WordPress ń kó àwòrán sí nìyẹn. Sọ́fítíwíà tí ọmọ ilé-ìwé gíga lè gbé lọ́fẹ̀ẹ́ sórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì sórí ayélujára, ní Effurun ni àwọn ilé ìròyìn ńláńlá náà ń lò.

Búlọ́ọ̀gù àti gbàgede ọ̀rọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní fọ́rọ́ọ̀mù, kì í ṣe ohun kan náà. Lórí búlọ́ọ̀gù, ẹnì kan tàbí àwọn díẹ̀ ló ń kọ̀wé, àwọn yòókù ń kà á, wọ́n sì ń fèsì nísàlẹ̀. Ní gbàgede, ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. WordPress ló gbajúmọ̀ jù fún ti àkọ́kọ́. Fún ìkejì, phpBB wà, èyí tí James Atkinson bẹ̀rẹ̀ ní 2000, SMF wà, Discourse náà wà, èyí tí Jeff Atwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2013. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí sẹ́fà olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Discourse lẹ́wà ju wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sẹ́fà tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti ẹni tó mọ Linux. Ẹgbẹ́ tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń dá gbàgede sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ búlọ́ọ̀gù ni wọ́n nílò. Gbàgede tó ṣófo ń lé ènìyàn sá. Ẹni tó wọlé tó rí i pé oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn kò ní forúkọ sílẹ̀. Búlọ́ọ̀gù tó ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá péré, tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì dára, yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹgbẹ́ fi búlọ́ọ̀gù bẹ̀rẹ̀. Bí èsì tó ń wá sábẹ́ àpilẹ̀kọ bá ti ń gùn ju àpilẹ̀kọ lọ, ìgbà yẹn ni kí wọ́n gbé gbàgede kalẹ̀.

Gbàgede tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ni Nairaland, ìtàn rẹ̀ sì kọ́ni ju ìwé ìlò sọ́fítíwíà èyíkéyìí lọ. Ṣeun Osewa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ẹni ọdún 25 nígbà náà, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2005. Kí ó tó dá a sílẹ̀, ó ti ní gbàgede mìíràn tó dá lórí fóònù alágbèéká. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ní 2001, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ fóònù ni àwọn ènìyàn yóò fẹ́ máa sọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ: ìṣèlú, ìfẹ́, iṣẹ́, ẹ̀sìn. Osewa kò bá wọn jà. Ó dá èyí tó gba gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Kò fúnra rẹ̀ kọ sọ́fítíwíà tó fi bẹ̀rẹ̀. SMF ló lò, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mọ PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́, sì lè ṣí kóòdù rẹ̀ kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ó yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: ìwé àṣẹ SMF nígbà náà kò fẹjú tó GPL. Èèyàn lè tún un ṣe fún ìlò ara rẹ̀, kò kàn gbọdọ̀ pín ẹ̀dà tó tún ṣe kiri. Ọdún 2011, nígbà tí SMF 2.0 jáde, ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ pátápátá lábẹ́ ìwé àṣẹ BSD. Ṣùgbọ́n ohun tí Osewa nílò kò ju àyè láti gé àti láti lẹ̀ lọ. Ó gé púpọ̀ kúrò. Nígbà tí èrò wá pọ̀ ju ohun tí SMF lè gbé, ó kọ sọ́fítíwíà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Ẹni tó bá wo ojú ìwé Nairaland lónìí lè máa rẹ́rìn-ín: lẹ́tà lásán, ìlà lásán, kò sí ohun tó ń fò tàbí tó ń tàn yanranyanran. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Lọ́dún 2005, káfẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí ni wọ́n sì ń sanwó fún. Lẹ́yìn náà, orí fóònù kékeré tí dátà rẹ̀ wọ́n ni wọ́n bọ́ sí. Ojú ìwé tó fúyẹ́ kò pẹ́ kó tó ṣí, kì í sì í jẹ dátà. Ìkànnì tí ẹni tó ń kọ́ ọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ní Wi-Fi lè di ẹrù lórí fóònù oníṣòwò tó ń ra dátà 100 náírà. Bí fọ́tò ìsìnkú kan bá wúwo tó 5MB, kí wọ́n dín in kù sí nǹkan bí 150KB kí wọ́n tó gbé e sórí ìkànnì. Ojú kò ní rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà ni orúkọ ìkànnì. Ẹgbẹ́ NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí sí .ng, àwọn ilé iṣẹ́ tí NiRA fọwọ́ sí ló sì ń tà á. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ààyè lórí sẹ́fà. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá iye náírà dá ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, ẹni tó ń san owó sẹ́fà ní dọ́là ti mọ bó ṣe ń ro ènìyàn lára. Èyí tí wọ́n ń gba náírà fún yóò rọrùn fún ẹgbẹ́ kékeré, bí ilé iṣẹ́ náà bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Gbígbé WordPress kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ sẹ́fà ló ní ojú ìwé ìṣàkóso kan tó ń jẹ́ cPanel, nínú rẹ̀ sì ni Softaculous wà. Èèyàn yóò yan WordPress, yóò kọ orúkọ ìkànnì, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, kó tó mu tíì tán, ó ti délẹ̀. Ohun tí bọ́tìnnì yẹn ṣe ni pé ó kó àwọn fáìlì PHP sórí sẹ́fà, ó ṣí dátábéèsì tuntun nínú MySQL, ó sì kọ orúkọ dátábéèsì náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ wp-config.php. Inú dátábéèsì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò máa wà, àwòrán yóò wà nínú wp-content. Ohun méjì wọ̀nyí ni ìkànnì náà gan-an. Àwọn fáìlì yòókù ṣeé tún gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkigbà.

Kí wọ́n má ṣe lo "admin" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìwọlé. Òun ni àwọn ẹ̀rọ gbéwiri kọ́kọ́ ń dán wò, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó dé.

Ibi tí ìkànnì elédè Yorùbá ti máa ń ríjà ni àmì. Dátábéèsì àtijọ́ máa ń lo ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó ń jẹ́ latin1, tí wọ́n ṣe fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ó mọ é, ó mọ à, kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Bí wọ́n bá kọ "Ọjọ́" sínú irú dátábéèsì bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò jáde lè jẹ́ "?j??". Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà lè rò pé fóònù òun ló bàjẹ́. Dátábéèsì ni, ọ̀rọ̀ tó sì ti di àmì ìbéèrè kò ní padà bọ̀ sípò. Utf8mb4 ni ọ̀nà tó gba gbogbo èdè, WordPress sì ti ń lò ó láti ẹ̀dà 4.2 tó jáde ní 2015. Wàhálà máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń kó ìkànnì àtijọ́ láti sẹ́fà kan sí òmíràn. Kí ẹni tó ń kó o ṣí wp-config.php, kó wo ìlà DB_CHARSET, kó sì rí i pé utf8mb4 ló wà níwájú rẹ̀ kó tó tẹ ohunkóhun. Èdè Ìṣẹ̀kírì, ìbátan Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Warri, ń lo ẹ àti ọ bákan náà, nítorí náà ohun tó bá ti àbúrò ló bá ti ẹ̀gbọ́n.

Wàhálà kejì kò hàn sí ojú. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà ọ: kó kọ ọ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí kó kọ o kó sì fi ẹsẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Ní ti ọ́, kò sí lẹ́tà kan tó gba ẹsẹ̀ àti ohùn pọ̀ nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé lẹ́tà náà gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Èyí ló fà á tí àmì fi ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àwọn fọ́ǹtì kan. Fọ́ǹtì Noto, tí Google gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń gbé àmì sórí lẹ́tà bó ṣe yẹ.

Èyí náà ló ń da àwárí rú. Ẹni tó bá tẹ "oko" sínú àpótí àwárí WordPress lè rí àpilẹ̀kọ lórí ọkọ̀, nítorí dátábéèsì máa ń ka o àti ọ sí ọ̀kan náà. Ó sì ṣeé ṣe kó má rí èyí tó ní ọ̀kọ̀ nínú, nítorí àmì ohùn ti há sí àárín ọ àti k. Àwọn olùkàwé kì í tẹ àmì nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, ẹ̀bi wọn kọ́, bọ́tìnnì fóònù kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tó yẹ kí olótùú ṣe ni kó kọ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú àpilẹ̀kọ láìsí àmì gẹ́gẹ́ bí atọ́ka nísàlẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì àpilẹ̀kọ náà láìsí àmì. Inú àpilẹ̀kọ gan-an, kó fi gbogbo àmì sí i. Ìkànnì Yorùbá tí kò lo àmì kò bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Ìtọ́jú ló kàn. Ní oṣù Kejìlá 2004, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Santy ń fúnra rẹ̀ wá gbàgede phpBB kiri. Google ló fi ń wá wọn. Bó bá rí ọ̀kan, yóò gba ihò kan nínú kóòdù rẹ̀ wọlé, yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí gbogbo ojú ìwé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì ló bà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn tó ń ṣe phpBB ti dí ihò yẹn ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, nínú ẹ̀dà 2.0.11. Ẹni tó gbé ẹ̀dà tuntun sórí ìkànnì rẹ̀ sùn dáadáa. Kóòdù tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ṣí sílẹ̀ fún olè náà. Bí wọ́n bá ti kéde àtúnṣe kan, olè ti mọ ibi tí ihò wà. Láti ẹ̀dà 3.7, ní 2013, ni WordPress ti ń gbé àwọn àtúnṣe kéékèèké wọlé fúnra rẹ̀. Plugin, ìyẹn àfikún tó ń fún ìkànnì ní iṣẹ́ tuntun, àti theme, èyí tó ń pinnu ìrísí rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, ibẹ̀ ni olè sì ń gbà wọlé báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì fún ènìyàn ní Nàìjíríà kì í fẹ́ sọ síta. Àwọn theme kan wà tí wọ́n ń ta ní dọ́là, àwọn kan sì ń pín ayédèrú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gba irú rẹ̀ sábà máa ń gba kóòdù ìkọ̀kọ̀ mọ́ ọn, tí yóò máa darí àwọn olùkàwé lọ sí ìkànnì tẹ́tẹ́. Ìkànnì ìjọ tó ń polówó tẹ́tẹ́ láìmọ̀ kì í ṣe ohun àwàdà. Lórí wordpress.org, ẹgbẹẹgbẹ̀rún theme wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tòótọ́.

Ní oṣù Kẹfà 2014, ó kan Nairaland. Gbéwiri wọ inú sẹ́fà tó gbé e, ó pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́, ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà nítòsí náà sì lọ. Ìkànnì tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń kà dákẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ síbòmíràn ni wọ́n fi gbé e dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀dà náà ti pẹ́ nílẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ láàárín oṣù púpọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Osewa kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí i, ẹgbẹ́ tí kò ní ju ẹni kan tó mọ kọ̀ǹpútà lọ gbọ́dọ̀ fura. Kí wọ́n máa gba ẹ̀dà dátábéèsì àti àpótí wp-content sílẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, kí òmíràn wà níbi tí ọ̀rọ̀ aṣínà sẹ́fà kò lè ṣí. Kí wọ́n sì máa gbìyànjú láti gbé ìkànnì dìde láti inú ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò, ìrètí lásán ni.

Bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí ènìyàn kò kàn ní lo ti Google tàbí Facebook? Ìbéèrè gidi ni, àpẹẹrẹ kan sì wà. Linda Ikeji, tó bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù rẹ̀ ní 2006, wà lórí Blogger ti Google nígbà kan rí. Ní oṣù Kẹwàá 2014, lẹ́yìn tí àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo iṣẹ́ oníṣẹ́, Google ti búlọ́ọ̀gù náà pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí i padà, ariwo sì ti ta jákèjádò Nàìjíríà. Kí a fi ẹjọ́ ẹni tó jàre sílẹ̀. Ayálégbé ni ẹni tó ń kọ̀wé lórí Blogger tàbí Facebook. Bí onílé bá ti ilẹ̀kùn, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa bẹ̀bẹ̀ lọ. Sọ́fítíwíà tó ṣí sílẹ̀ kò gba ènìyàn lọ́wọ́ òfin, ilé iṣẹ́ sẹ́fà náà lè dá ìkànnì dúró. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ní dátábéèsì, àwòrán àti orúkọ ìkànnì lọ́wọ́ lè kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sẹ́fà mìíràn ní ọjọ́ kejì, àwọn olùkàwé kò sì ní mọ̀ pé ó kó.

Ní ìlú bíi Warri, iṣẹ́ alámòójútó gbàgede kò mọ sórí lílé àwọn tó ń polówó oògùn. Ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé orílé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn Warri láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìjọ̀ àti Ìṣẹ̀kírì, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ń dá awuyewuye sílẹ̀ títí di òní. Gbàgede tó bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ ohunkóhun láàárín òru lè jí sí èébú tí yóò dé àgọ́ ọlọ́pàá. Sọ́fítíwíà ti pèsè sílẹ̀ fún un. Lórí WordPress, wọ́n lè yàn pé èsì àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni kò ní jáde títí ẹnì kan yóò fi kà á. Lórí phpBB, ọ̀rọ̀ ẹni tuntun lè máa dúró de àṣẹ títí yóò fi pé iye tí alámòójútó bá yàn. Bọ́tìnnì kan sì wà tí olùkàwé lè fi fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan tó dà bí àwàdà fún ará Abẹ́òkúta jẹ́ ìwọ̀sí ní Warri. Ènìyàn ló lè mọ̀ ọ́n, ó sì dára kí àwọn alámòójútó náà wá láti inú ẹ̀yà ju ọ̀kan lọ.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Òfin ìdáàbòbò dátà ti di òfin ní oṣù Kẹfà 2023. Gbàgede tó gba íméèlì àti nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ènìyàn ti di olùtọ́jú dátà nìyẹn. Ohun tí kò bá nílò, kó má gbà á. Ìkànnì tí kò mọ ọjọ́ ìbí àwọn tó ń kà á kò ní ọjọ́ ìbí tí olè lè jí.

Ní ti àsìkò, ẹni tó bá ń bójú tó búlọ́ọ̀gù ẹgbẹ́ yóò fi wákàtí kan tàbí méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún àtúnṣe, ẹ̀dà ìpamọ́ àti èsì, yàtọ̀ sí ìkọ̀wé. Gbàgede tí èrò wà nínú rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n, ojoojúmọ́ ni. Ẹgbẹ́ tó bá ní ẹnì kan ṣoṣo fún iṣẹ́ yìí kò tíì ní ẹnikẹ́ni. Méjì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ajamimogha tàbí níbikíbi, ẹ ra orúkọ ìkànnì kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ní orúkọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú íméèlì ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kó wà ní orúkọ ọmọ tó bá yín kọ́ ọ, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Bó bá lọ sí Kánádà tí ọdún sì pé, íméèlì tirẹ̀ ni ìwé owó yóò lọ bá.